Ìtọ̀ tó ń ta, ibà tí kò lọ: àkọsílẹ̀ aboyún kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Obìnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 29. Oyún rẹ̀ kejì ni, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ 24 nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀, kí ó sì tún un tà fún àwọn oníṣòwò ńlá tí ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà pé kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí àwọn obìnrin mìíràn lè rí i kà, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má ṣe dárúkọ òun, ọkọ òun tàbí àdúgbò òun.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní kíkọ ni pé kò sí àmì kan lára rẹ̀ tí àwọn ará ilé kò rí àlàyé tó bọ́gbọ́n mu fún. Ó ń tọ̀ léraléra, wọ́n ní oyún ló fà á. Ẹ̀yìn ń dùn ún, wọ́n ní oyún ti ń wúwo. Ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ní ibà ni. Bí a bá mú àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn, nítorí pé oyún a máa mú kí obìnrin tọ̀ léraléra, a sì máa mú kí ẹ̀yìn dùn ún, ibà sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ìgbà tí gbogbo wọn pé jọ sára ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n di ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹni tó bá sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè rí i.

Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́, ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé bí ìtọ̀ bá ti fẹ́ tán, ó máa ń ta òun bí ìgbà tí ata bá kan ojú egbò. Kò ní tíì jókòó dáadáa sídìí òṣùwọ̀n rẹ̀ tí ìtọ̀ yóò tún fi máa gbọ̀n ọ́n, bí ó bá sì lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò jáde, yóò sì dà bí ẹni pé èyí tó kù kọ̀ láti wá. Ibi tí wọ́n ti ń ra kajú kò ní ilé ìtọ̀. Ẹ̀yìn ògiri kan wà tí àwọn ọkùnrin ń lò, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò fún obìnrin, àgàgà aboyún tí ìlóṣòó àti ìdìde nira fún. Nítorí náà, ó ti mọ́ ọn lára láti má mu omi ní òwúrọ̀, kí ó sì pa ìtọ̀ mọ́ra títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó fi máa di Ọjọ́rú, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ ti ń dùn ún, ìtọ̀ rẹ̀ kò mọ́ gaara mọ́, ó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí obìnrin bá ní ìtọ̀ ń ta òun, àtọ̀sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò, ẹni tó bá sì ti rò ó kò ní pẹ́ tí yóò fi béèrè ibi tí ó ti kó o. Ó dúró di alẹ́, ó lọ sí ilé ìtajà oògùn kan, ó ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ń yọ òun lẹ́nu. Wọ́n ka kápúsù mẹ́wàá sínú ọ̀rá fún un, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ọ̀rọ̀ kan nípa oyún tó hàn gbangba lára rẹ̀. Ó lo mẹ́fà. Nígbà tí títa náà dín kù, ó dá a dúró, ó sì fi mẹ́rin pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Mẹ́rin yìí ló mú wá fún wa lẹ́yìn náà, a sì rí i pé tetracycline ni. Oògùn yìí kì í ṣe èyí tí a ń fún aboyún ní irú oṣù tó wà yẹn, nítorí pé ó máa ń wọ inú egungun àti eyín ọmọ tó wà nínú, eyín náà sì lè ṣú nígbà tí ó bá hù.

Ní òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta, òtútù mú un débi pé eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, lẹ́yìn èyí ni ara rẹ̀ gbóná janjan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó mi, ibà ni. Oòrùn ìdí kajú yìí ló kó o bá ọ." Ìyá se agbo ewé dóńgóyárò àti ewé ìbẹ́pẹ, ọkọ náà sì ra oògùn ibà. N kò rí ẹ̀bi kankan tí mo lè dì ru ìyá náà. Ohun tí ó rí lójú ni ó fi ṣèdájọ́, kò sì mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ti fi pamọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì gbáko ni agbo àti oògùn ibà yẹn gbà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo ohun tí ó bá fi sẹ́nu ló ń bì, títí kan omi àti oògùn, ìhà rẹ̀ ọ̀tún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún láti ẹ̀yìn, lókè ìbàdí, tí kò fi lè dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kejì ni ọkọ rẹ̀ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márúwá wá bá wa.

Nígbà tí ó dé, ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 39.3°C. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 122 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń mí ní ìgbà 24, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 96/58. Ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ń lù ní ìgbà 172, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láàárín 110 sí 160 ló yẹ kí ó wà. Ètè rẹ̀ gbẹ. Mo bi í níwájú ọkọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ bóyá ìtọ̀ ń ta á. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Rárá, mà."

Mo ní kí ìyá àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá mi jókòó síta díẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo tún un bi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́." Mo sọ fún un pé ohun tó bá sọ nínú yàrá yìí kò ní jáde àyàfi tí òun bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ohun tó ń ṣe é kì í sì í ṣe ìtìjú. Ìgbà náà ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Mo gbàgbọ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, tí a bi í láìsí ẹlòmíràn nítòsí, ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe fún un lọ́jọ́ náà, nítorí pé láìsí i, àwa náà ì bá máa wá ibà kiri.

Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí egungun ìhà tó kẹ́yìn ti pàdé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní apá òsì, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ní apá ọ̀tún, ó fò sókè, ó sì bú sẹ́kún. Ibẹ̀ gan-an ni kíndìnrín fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn tí ń dun aboyún nítorí ìwúwo oyún sábà máa ń wà nísàlẹ̀, ní àárín tàbí ní ìbàdí méjèèjì, ó máa ń rọlẹ̀ bí ó bá sinmi, kì í sì í bá òtútù àti ìgbóná ara rìn. Ti kíndìnrín sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, lábẹ́ egungun ìhà, ìsinmi kì í sì í mú un lọ.

Àyẹ̀wò ibà tí a fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kò rí ibà kankan. Fún ti ìtọ̀, mo ní kí ó kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ nu ojú ara rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ó jẹ́ kí èyí tó bá ṣáájú dà nù, kí ó wá gba ti àárín sínú ife. Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni kí kòkòrò tó wà lára awọ má baà wọ inú ife kí ó sì ṣì wá lọ́nà. Nígbà tí mo ki pépà àyẹ̀wò tẹẹrẹ bọ inú rẹ̀, ó fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, àti pé nitrite wà níbẹ̀, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun máa ń pèsè nígbà tí wọ́n bá ti wà nínú ìtọ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Kí ẹni tí kò bá rí nitrite nínú tirẹ̀ má tìtorí ìyẹn pa dà sílé bí ìtọ̀ bá ṣì ń ta á, nítorí pé kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló ń ṣe é, ìtọ̀ tí kò sì pẹ́ nínú àpò rẹ̀ lè má fi í hàn.

Mo ṣàlàyé fún un, lẹ́yìn náà fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, bí àìsàn náà ṣe rìn. Kòkòrò tó sábà máa ń fà á ni Escherichia coli. Inú ìfun gbogbo wa ló ń gbé, kì í sì í pa wá lára níbẹ̀. Ihò ìtọ̀ obìnrin kò jìnnà sí ihò ìdí, ọ̀nà tó lọ láti ibẹ̀ dé àpò ìtọ̀ kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, nígbà tí ti ọkùnrin tó bíi ogún. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí kòkòrò bá dé inú àpò ìtọ̀, tí ìtọ̀ sì pẹ́ níbẹ̀ láìjáde, yóò bí sí i. Níbẹ̀ ni títa, títọ̀ léraléra àti ìrora ìsàlẹ̀ ikùn ti ń wá, ara kì í sì í sábà gbóná ní ìpele yìí. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gun òkè gba inú ọ̀pá tẹẹrẹ tó so àpò ìtọ̀ mọ́ kíndìnrín. Ní ti aboyún, ọ̀nà òkè yìí ṣí sílẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ: omi ara tó ń mú oyún dúró máa ń mú kí ọ̀pá náà dẹ̀, ilé ọmọ tó ń tóbi sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pàápàá ní apá ọ̀tún, ìtọ̀ yóò sì máa dúró níbi tí ó yẹ kí ó ti máa ṣàn. Aboyún tilẹ̀ lè ní kòkòrò nínú ìtọ̀ láìsí pé nǹkan kan ń dùn ún rárá, ìdí sì nìyí tí a fi ń yẹ ìtọ̀ wò nígbà ìtọ́jú oyún, tí a sì ń tọ́jú èyí tí a bá rí.

Ọkọ rẹ̀ béèrè ohun tí mo ti ń retí. Ó ní, "Màámi, ṣé kì í ṣe àtọ̀sí? Ṣé kí èmi náà lo oògùn?" Mo dá a lóhùn pé kòkòrò ìfun ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni gbogbo àmì tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tí ó kó lára ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe ohun tí ó kó lórí àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò. Òótọ́ ni pé ìbálòpọ̀ lè ti kòkòrò tó wà nítòsí ihò ìtọ̀ wọlé, ìdí nìyí tí ó fi dára kí obìnrin tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di àìsàn panṣágà. Àtọ̀sí ní àyẹ̀wò tirẹ̀, ó sì lè mú kí ọyún jáde lójú ara. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé tó ń wẹ̀ ní odò ló ń tọ ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ajá ni a óò kọ́kọ́ ronú kàn, èyí tó ń ti ara ìgbín inú omi wá, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ń ra kápúsù kan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe ara rẹ̀ ní ìbàjẹ́.

A kò dá a dúró lọ́dọ̀ wa. Aboyún tí àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ ti gun kíndìnrín rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tí ìfúnpá rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń fún ní oògùn oníhóró kí ó máa lọ sílé, nítorí pé kòkòrò náà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìgbóná ara àti àìsàn náà sì lè mú kí ọmọ fẹ́ wá kí àkókò rẹ̀ tó pé. A fi omi sí i lójú iṣan, a kọ ìwé, a sì bá a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú tí èyí jìnnà sí. Iṣẹ́ ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907 ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen lónìí, ti LAUTECH, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, sì tún wà níbẹ̀, nítorí náà ohun tó ń fa ìdádúró láàárín wa kì í sábà jẹ́ ọ̀nà tó jìn. Ìtìjú ni, owó ni, àti ìdánilójú pé ibà ni.

Ní ilé ìwòsàn náà, wọ́n gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ fún yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò àkọ́kọ́, bí ó sì ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Ceftriaxone ni wọ́n fi sí i lójú iṣan. Inú rẹ̀ ń le, ó sì ń dẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa sì bẹ̀rù pé oyún fẹ́ wálẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń wọ ara rẹ̀ tí ìgbóná sì ń lọ sílẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Àwòrán inú fi ọmọ hàn láàyè, ó sì fi kíndìnrín ọ̀tún hàn pé ó wú díẹ̀ láìsí òkúta tàbí ọyún tó gbá jọ. Ní ọjọ́ kẹta, èsì yàrá àyẹ̀wò dé: E. coli, ó ju 100,000 lọ nínú mìlílítà ìtọ̀ kan. Nínú àwọn oògùn tí wọ́n dán wò, ampicillin kò pa kòkòrò náà mọ́, tetracycline kò pa á, ceftriaxone àti cefuroxime pa á. Kápúsù mẹ́fà tí ó lò ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kò lè wò ó sàn láéláé, ó kàn jẹ́ kí títa náà fara sin díẹ̀ nígbà tí kòkòrò ń gun òkè ni. Ọ̀ràn yìí ń bà mí lọ́kàn jẹ́ gidigidi, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń rí àwọn oògùn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lára kòkòrò tí ó ti ń pa tẹ́lẹ̀, àwọn oògùn tí a lo ní ìlàjì tí a sì fi ìyókù pamọ́ sì wà lára ohun tó fà á.

Ara rẹ̀ balẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, wọ́n dá a padà sílé pẹ̀lú cefuroxime oníhóró tí yóò parí ọjọ́ mẹ́rìnlá ìtọ́jú rẹ̀, ó sì lo gbogbo rẹ̀ tán.

Níbi tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀ sí ni ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú àpò ìtọ̀ nìkan. Bí ó bá ti wá nígbà náà, àyẹ̀wò ìtọ̀ àti oògùn oníhóró tó bá oyún mu ni ìbá tó o. Obìnrin tí kò lóyún, tí ara rẹ̀ le, tí ìtọ̀ kàn ń ta, lè mu omi kí ó sì lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n aboyún, ọmọdé, ọkùnrin, arúgbó, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹni tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú láìlọ. Bí òtútù àti ìgbóná ara bá ti dé, tí ìhà tàbí ẹ̀yìn sì ń dunni, tí èébì kò jẹ́ kí omi dúró nínú, tí ìtọ̀ kò wá mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹni náà kò já geere mọ́, kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé ìtọ̀ ń ta òun. Ìgbóná ara tí a kò rí ìdí rẹ̀, ọmú tí kò mu àti èébì lè jẹ́ gbogbo ohun tí a óò rí lára rẹ̀.

Nígbà tí ó parí oògùn, a tún yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò kò sí níbẹ̀ mọ́. A ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù títí ó fi bímọ, nítorí pé ẹni tí ó bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan nínú oyún lè tún ṣe. Ó bí ọmọbìnrin ní ọ̀sẹ̀ 39, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 3.1. Lọ́dọ̀ wa, a ti ń bi gbogbo aboyún ní ìbéèrè nípa ìtọ̀ nígbà tí ó bá dá wà nínú yàrá, kí ọkọ tàbí ìyá ọkọ tó wọlé. Ní ti ìdí kajú, ilé ìtọ̀ kò tíì sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti àwọn obìnrin mìíràn ti bá onílé kan tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá owó ọṣẹ àti omi fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n lo ti ilé rẹ̀.